Ọdún 1964 ní Ìbàdàn Tuntun: Ohùn Jim Reeves Nínú Ilé Wa

Bí ènìyàn bá dúró sí Dúgbẹ̀ lónìí, tí ó gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ìgbà kan wà tí ilé gíga náà kò tíì parí. Ní ọdún 1964, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n tó parí àjà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n, tí tọmọdé tàgbà sì ń wá wò ó bí ẹni ń wo ìran. Ọdún mánigbàgbé ni ọdún náà. Ní oṣù Òkúdù rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ìdìbò ni ó sì fi parí, pẹ̀lú gbogbo awuyewuye tí ó ti ibẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ orin ni.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ ọdún 1964, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já nínú òjò nítòsí ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà. Jim Reeves tí ó ń kọ orin ìgbèríko, èyí tí à ń pè ní kọ́ńtírì, ni ó ń wà á fúnra rẹ̀. Dean Manuel tí ó máa ń bá a tẹ dùùrù ni ó jókòó tì í. Ọjọ́ kejì oṣù Ògún ni wọ́n tó rí òkú wọn. Ó ku ogún ọjọ́ péré kí Jim Reeves pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Èèyàn lè béèrè pé kí ni ikú ará Texas kan kan Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí a rìn yí ìlú náà ká díẹ̀.

Dúgbẹ̀ ni ibi tí ayé tuntun ti kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni rélùwéè gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1901, ibẹ̀ ni àwọn báńkì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìtajà ńlá Kingsway wà kí ó tó kógbá wọlé. Ẹni tí ó bá rà gíráámófóònù ní ayé ìgbà náà kì í fi pamọ́. Orí tábìlì ní pálọ̀ ni ó ń gbé e sí, pẹ̀lú aṣọ tí ìyàwó fi ọwọ́ hun lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní in, àpótí Redifúṣọ̀n tí ó ti wọ Ìbàdàn láti ọdún 1939 wà lára ògiri fún un. Láti ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ìlú tí etí rẹ̀ ti là ni ohùn Jim Reeves bá nílẹ̀.

Ohùn náà gan-an ni kí a sọ̀rọ̀ lé. Ọkùnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rẹ́díò rí kí orin tó gbé e sókè, nítorí náà kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ti máa ń kígbe kọrin tẹ́lẹ̀; nígbà tí ó yá ni ó fi ẹnu súnmọ́ ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn, tí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru kí ọmọ má baà jí. Èmi gbà pé ohun tí ó mú un wọ ilé àwọn tíṣà àti akọ̀wé wa nìyẹn: ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà péré yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Tọkọtaya kan, Joe àti Audrey Allison, ni wọ́n kọ orin rẹ̀ tí ó jáde ní ìparí ọdún 1959, èyí tí ọkùnrin kan ti ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Wọ́n ní ohùn Audrey kì í ròkè, tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu súnmọ́ tẹlifóònù; àárín ilé wọn ni orin náà ti wá.

Láti Dúgbẹ̀, bí a bá gba Òkè Àdó lọ sí Ring Road, a ó kan pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní ọdún òmìnira, 1960, tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí. Ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn oníbúrẹ́dì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Iwájú díẹ̀ ni Challenge, tí ó gba orúkọ lára ilé ìtàwé Challenge tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀. Orúkọ náà yẹ kí a fi ọkàn sí, nítorí ẹ̀yìn ẹ̀sìn ni kọ́ńtírì gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé. Bàbá tí kò jẹ́ kí a lu àwo orin ayé ní ọjọ́ Ìsinmi kò rí ohun burúkú nínú àwo orin ẹ̀mí Jim Reeves, bẹ́ẹ̀ ni àwo Kérésìmesì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1963 di ohun tí a ń lù bí a bá ti ń ki adìyẹ sínú ìkòkò.

Ṣùgbọ́n Bódìjà ni ilé orin yìí. Ilé-iṣẹ́ Ìkọ́lé ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, ni ó kọ́ ọ: ilé ọlọ́gbà, ọ̀nà tí ó tọ́, igi òdòdó. Ní Kúdẹtì tàbí Ọjà’ba, ìyàwó tuntun kì í dá wà; ìyá ọkọ ń pè é, ìyàálé ń rán an, àwọn ọmọ agboolé ń sunkún yí i ká. Ní Bódìjà, ọkọ yóò lọ sí Sẹkitéríàtì ní àárọ̀, ilẹ̀kùn yóò tì, ó di ìyàwó àti ọmọ ọwọ́.

Màmá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ń gbé Bódìjà Àtijọ́ láti ìgbà náà, sọ ọ́ fún mi báyìí: “Ọmọ mi, nígbà tí a kó dé ibí, ìdákẹ́jẹ́ ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo lè gbọ́ tí omi ń kán nínú ilé ìdáná. Bàbá wọn ra gíráámófóònù, mo ní kí ó má náwó. Èmi ni mo wá ń lò ó jù ú lọ.”

Mo bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ó ń kọ nígbà náà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àárò ilé ń sọ ọ́.”

Bí mo ti gbọ́ èyí ni mo mọ ìdí rẹ̀ tí orin àwọn tí ń da màlúù ní Amẹ́ríkà fi rí ibi jókòó láàrin wa. Orin ẹni tí ó kúrò nílé ni kọ́ńtírì; Ìbàdàn tuntun náà, ìlú àwọn tí ó kúrò ní agboolé ni.

Àpótí àwo màmá yìí wà lábẹ́ ibùsùn. Ìbúgbàù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024 fọ́ fèrèsé wọn, wọ́n sì dúpẹ́ pé fèrèsé ni, nítorí àwọn mìíràn pàdánù ilé, àwọn kan pàdánù ẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n ń gbá àfọ́kù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n kó àwo náà dànù pẹ̀lú pàǹtí. Màmá kọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun ohun tí wọn yóò fi rántí ohùn ilé àwọn. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, àpótí sì padà sí abẹ́ ibùsùn.

Mary, ìyàwó Jim Reeves, kò da tirẹ̀ nù bákan náà. Wọn kò bímọ. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó ń mú àwọn orin tí ó ti kọ sílẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, “Distant Drums”, jẹ́ èyí tí ó kàn kọ fún Cindy Walker tí ó ni orin náà. Wọ́n fi ohùn èlò tuntun sí ohùn òkú, ní ọdún 1966 ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà láàrin orin kọ́ńtírì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin gbogbo orin. Opó tí ó mọ iye ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyẹn.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí kọ́ńtírì ń kọ́ni ni kí ìyàwó ilé gbà. Tammy Wynette kọ orin ní ọdún 1968 pé kí obìnrin dúró ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni òun fúnra rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Kí á gbọ́ orin, kí á sì mọ ẹni tí ń kọ ọ́.

Àwọn olórin tiwa kò sì jókòó lásán. Ọdún 1964 yìí kan náà ni Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni King Sunny Ade mú gìtá onírin àwọn kọ́ńtírì, tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wọ inú jùjú. Dèmọ́lá Adépòjù ni ó ń ta á, ó dé inú àwo tí Paul Simon gbé jáde ní ọdún 1986. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé gìtá tí àwọn tí ń ṣe àwo Jim Reeves ń yọ kúrò, kí orin rẹ̀ lè dùn mọ́ ará ìlú ńlá nínú, ni àwọn ará wa fi ọwọ́ méjèèjì gbà.

Láti Bódìjà sí Agbowó kò jìnnà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì pọ̀ níbẹ̀, orin wọn kì í ṣe ti ìyá wọn. Síbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, láàrin aṣọ Kérésìmesì tí ó kún ilẹ̀, Jim Reeves ni ó ń kọrin nínú fóònù. Ọmọ oṣù mẹ́rin kan sùn sórí aṣọ tí a ká. Mo bi ìyá rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, pé ta ni ó ń kọrin. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ni orin náà. Mo kàn ṣàkíyèsí pé bí bàbá yìí bá ti ń kọrin, ọmọ mi kì í jí.”