Wọ́n sanwó kí baba apẹja Ìlàjẹ lè pẹja l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá tún ní kó dá gbogbo ẹ̀ padà sódò

Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tí wọ́n bí sétí omi n'Ìlàjẹ pé àwọn kan máa ń san owó tó lé ní 300 dọ́là kí wọ́n tó gbé wọn lọ sójú odò, kí wọ́n pẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má sì mú ìrù ẹja kan ṣoṣo délé, yóò ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni l'Amẹ́ríkà o. Gáìdì ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Àwọn ló ni ọkọ̀, àwọn ló ni ìwọ̀, àwọn ló mọ ibi tí ẹja sá pamọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ pẹja á sanwó, á jókòó, wọ́n á sì máa júwe fún un.

Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, sí baba kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pẹja ní agbègbè Ayétòrò, n'ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ ẹ̀ tó ń gbé ní Baltimore ló ní kó wá kí àwọn. Baba jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò síbi tó ń lọ, tẹlifíṣàn tó ń wò ò sì yé e. Ọmọ rí i pé ara baba òun ò yá gágá mọ́, ló bá lọ sanwó fún gáìdì kan lórí odò Susquehanna, nítòsí Harrisburg, olú-ìlú Pennsylvania. Kò sọ iye tó san fún baba. Ó tún gba ìwé àṣẹ ìpẹja fún un, torí lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sómi láìní ìwé yẹn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi dé etí odò. Nígbà tí baba rí gáìdì ọ̀hún, ọkùnrin òyìnbó tí ò tíì pé ogójì ọdún, ojú ẹ̀ korò.

"Ṣé ọmọdé yìí ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pẹja?"

"Baba, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká kàn wo ohun tó máa ṣe."

Odò Susquehanna kì í ṣe odò kékeré. Láti adágún Otsego ní Cooperstown, n'ìpínlẹ̀ New York, ló ti ń ṣàn bọ̀, ó sì gùn tó 715 kìlómítà kó tó wọnú omi Chesapeake. Ní Harrisburg, ó fẹ̀ tó máìlì kan. Àmọ́ fífẹ̀ ló fẹ̀, kò jìn. Àwọn ibì kan wà tí omi ò ju orúnkún lọ, àpáta ló sì kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gáìdì náà ò fi ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi bíi tàwọn ọkọ̀ tó wà nílé. Ṣe ló ń fa omi mu, tó ń tu ú sẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì ń sáré lọ lórí àpáta. Baba wo ẹ́ńjìnnì yẹn títí. Ó ní, "Ẹni tó ronú èyí ti há sórí àpáta rí."

Ẹja tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń pè ní smallmouth bass, ìyẹn básì ẹlẹ́nu kékeré. Ara ẹ̀ pọ́n bí idẹ, ojú ẹ̀ máa ń pupa, agbára ẹ̀ sì ju ara ẹ̀ lọ. Ẹ má sì rò pé ọmọ odò yẹn ni, àlejò ni. Lápá odò Ohio ni wọ́n ti kó o. Ní 1854, wọ́n kó díẹ̀ sínú táǹkì omi ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì dà wọ́n sí odò Potomac. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1870, wọ́n ti kó o dé Susquehanna, ló bá di onílé.

Gáìdì pa ẹ́ńjìnnì, ó na ìka sí àpáta kan. Ó ní kí baba má ju ìwọ̀ síbi tí omi ti ń sáré, kó má sì jù ú síbi tó dákẹ́ pátápátá, àfi ojú ìlà tí méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹja máa ń dúró sí láti simi, tí á máa retí kí omi gbé oúnjẹ wá bá a. Bí ọmọ ṣe túmọ̀ ẹ̀ fún baba, baba rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó ní, "Ó mọ nǹkan kan."

Ìgbà kẹrin tó ju ìwọ̀ ni nǹkan fa okùn gbì! Ẹja fò sókè lójú omi, ó gbọn orí, ó tún rì. Baba dìde dúró, ó ń pariwo bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fi máa fa ẹja yẹn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ti ń wo ibi tí wọ́n máa kó o sí. Ni gáìdì bá ti ọwọ́ bọ omi kí ọwọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ tutù, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó sì rọra dá a padà sódò.

"Há à! Kí ló ń ṣe yẹn? Ẹja mi nìyẹn!"

Ni gáìdì bá jókòó, ó sì ṣàlàyé. Ní 2005, àwọn ọmọ ẹja yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kú rẹpẹtẹ lódò náà, egbò lára wọn. Àwọn onímọ̀ yẹ àwọn tó dàgbà wò, wọ́n bá ẹyin nínú ẹpọ̀n akọ ẹja. Ẹ gbọ́ ná, akọ tó ní ẹyin! Nígbà tó di 2011, ìjọba Pennsylvania ṣòfin pé ní nǹkan bíi máìlì 98 lórí odò náà, ẹnikẹ́ni tó bá mú básì gbọ́dọ̀ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ní 2014, apẹja kan tún mú ọ̀kan nítòsí Duncannon, kókó ńlá lẹ́nu ẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé jẹjẹrẹ ni. Lópin 2015, ìwádìí ìjọba di ẹ̀bi náà ru kẹ́míkà tó ń da ètò ara rú, oògùn apako, àti kòkòrò àìsàn.

Gáìdì ní àwọn oníbàárà òun sá lásìkò yẹn, díẹ̀ ló kù kóun ta ọkọ̀ òun. Àmọ́ ẹja tún ti ń pọ̀ sí i, ìdí tóun ò sì fi gbà kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀kan lọ nìyẹn.

Baba ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa lanu, ọmọ ẹ̀ ló bá wí.

"Ìwọ rò pé ọjọ́ ogbó ló jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, àbí? Nígbà tí epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lójú omi wa, tí àwọ̀n mi ń jáde ní dúdú, ta ló wá sọ fún wa pé ká fún ẹja láyè kó bí? Kò sẹ́nì kankan. Ẹja ló sá fún wa. Mo ta ọkọ̀ mi ní ìdajì owó, òun ni mo fi parí owó ilé-ìwé ẹ."

Ọmọ ò gbọ́ ọ rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé baba òun ti fẹ̀yìn tì. Gáìdì bi í pé kí ni baba sọ, ó sì túmọ̀ gbogbo ẹ̀. Òyìnbó náà mi orí, ó bọ baba lọ́wọ́.

Láti ọ̀sán, ọkọ̀ di ti baba. Òun ló ń na ìka, òun ló ń wo bí omi ṣe ń ṣẹ́, gáìdì sì ń tọ̀ ọ́. Ẹja mẹ́rìnlá ni wọ́n mú. Èyí tó gbẹ̀yìn, baba ló ti ọwọ́ ara ẹ̀ bọ omi kó tó dì í mú, òun ló sì tú u sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń wakọ̀ padà sí Baltimore, baba béèrè iye tí ọmọ san. Ọmọ sọ fún un. Baba pariwo, ó káwọ́ lérí, ó ní owó ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìyẹn nígbà kan. Ó wá dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé owó ẹja kọ́ lo san? Owó ẹni tó ń ṣọ́ odò ni. Ká ní a rẹ́ni san án fún nílé ni, ǹ bá san án."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹja dídì tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ni wọ́n fi jẹ ẹ̀bà. Baba ní kò dùn rárá, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.