Kọ̀ǹpútà Wà ní Èkó, Èmi Wà ní Ìlọrin

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa ní Èkó. Gbogbo àpilẹ̀kọ tí mo ti túmọ̀ wà níbẹ̀, títí kan àkọsílẹ̀ tí mo máa ń yẹ̀ wò kí n má bàa pe ohun kan náà lórúkọ méjì. Ìwé ìdílé wa náà wà níbẹ̀: ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti fọ́tò gbogbo ìwé ìfẹ̀yìntì Màámi. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, kò ṣeé gbé wọ mọ́tò káàkiri.

Màámi wá ṣubú nílé ìwẹ̀ ní Ìlọrin, egungun ìbàdí wọn sì kán. Dókítà ní ó máa tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lè dá rìn. Èmi nìkan lobìnrin nínú àwa méjì tí wọ́n bí, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀gá mi ò ní kí n má lọ, àmọ́ iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ wọlé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ohun tó yọ mí ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní SSH. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó wà níbì kan pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, bíi pé ó jókòó síwájú rẹ̀. Telnet ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ gbangba ni Telnet máa ń gbé password kọjá, bí ìwé tí kò ní àpò. Lọ́dún 1995, wọ́n ń jí password àwọn èèyàn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì kan lórílẹ̀-èdè Finland. Tatu Ylönen tó ń ṣèwádìí níbẹ̀ ló ṣe SSH lọ́dún yẹn kan náà, kí ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà má bàa lóye ohun tó ń kọjá.

Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbé Cygwin sí i, tó ń jẹ́ kéèyàn lo àwọn irinṣẹ́ Unix láìyọ Windows kúrò. Mo ṣí Cygwin gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kọ̀ǹpútà náà, mo tẹ ssh-host-config, mo dáhùn àwọn ìbéèrè tó bi mí, mo wá tẹ cygrunsrv -S cygsshd kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí Windows ṣí ẹnu ọ̀nà 22 sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni SSH máa ń dúró sí. Mo tún ní kí kọ̀ǹpútà náà má sùn mọ́. Èyí tó bá sùn ò ní gbọ́ tí mo bá ń kanlẹ̀kùn.

Ibi tọ́rọ̀ ti le ni íntánẹ́ẹ̀tì. MiFi la ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ ìdílé, àwọn tó ń ta dátà sì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ó dà bí ilé onírúúmù púpọ̀ tó ní géètì kan. Ẹ lè jáde nígbà tó bá wù yín, àmọ́ àlejò tó dúró ní géètì ò lè mọ rúùmù yín. Tí mi ò bá lè wọlé láti ìta, á jẹ́ pé ilé ló máa jáde wá bá mi. Mo háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà ilé á pè é, á sì di ìlà náà mú. Àṣẹ tó ń ṣe é ni ssh -N -R 2222:localhost:22, kéèyàn wá kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó háyà tẹ̀ lé e. Mo ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn. Láti Ìlọrin, màá wọ kọ̀ǹpútà tí mo háyà, màá kan ẹnu ọ̀nà 2222, ó parí, mo ti dé Èkó.

Tí iná bá lọ ńkọ́? Inverter wa ò lè gbé e mọ́jú, torí náà ọkọ mi ló máa ń tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tíì rí ètò tó lè rọ́pò ọkọ tó ń gbé fóònù.

Ọjọ́ tí mo háyà kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń gbìyànjú láti wọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi orúkọ bíi root àti admin dán an wò léraléra. Mo sọ pé kó má gba password lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kó máa gbà. ssh-keygen ló ń ṣe kọ́kọ́rọ́ náà, méjì-méjì ni. Ọ̀kan kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìkejì ṣeé fi han gbogbo ayé, òun lẹ máa kọ sínú fáìlì authorized_keys lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀.

Tí Màámi bá ti sùn lálẹ́, màá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọjá, kò sí àwòrán, torí náà dátà tó ń jẹ ò tó nǹkan. Mo lè fi grep wá ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án kí n tó mumi tán. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bí ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Bákan náà ló rí lójú wa, àmọ́ ó lè má rí bákan náà fún grep, á sì sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ò sí.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Jos ló ń bá Màámi lé owó ìfẹ̀yìntì wọn, ó sì nílò àwọn ìwé yẹn. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ sáà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yín.” Mo ní kó ṣe tiẹ̀. Inú bí i. Ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni, ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan la jọ ń lò, ọjọ́ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àwa méjèèjì la máa wà níta. Ó ṣe tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tó bá pè, Màámi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n jí báàgì rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sì wà nínú báàgì náà. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: “Àǹtí mi, ìwé Màámi ńkọ́?” Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi ni mo jókòó sí. Mo wọlé, mo sì pa ìlà tó jẹ́ tiẹ̀ rẹ́ nínú authorized_keys lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Tèmi ò yí pa dà. Nígbà tó rí láptọ́ọ̀pù míì yá, ó ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó sì fi èyí tó ṣeé fi hàn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti rí ìwé tí wọ́n ń bi í fún: lẹ́tà tí wọ́n fi gba Màámi síṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún 1979.