Ibà Ìtọ̀ Eku

Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ni láti máa tú ọ̀rọ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí a tú "ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀" wò: ibà tí ó pọ́n ojú, tí ó sì pọ́n ìtọ̀. Ohun tí a fi ojú rí lára aláìsàn ni orúkọ náà sọ. Kò sọ ibi tí àìsàn ti wá; bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tí ń pọ́n ojú ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ọ̀kan kiri. Eku ni ó ń gbé òmíràn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leptospirosis.

Bakitéríà ni ó ń fa ti eku. Inú kíndìnrín eku ni ó fi ṣe ilé, eku a sì máa sáré kiri bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí eku bá tọ̀ sí ibi tí ó tutù, kòkòrò náà lè wà láàyè nínú omi tàbí ẹrẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú egbò ni ó sábà ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 14, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibà yóò dé, orí yóò máa fọ́, ẹran ẹsẹ̀ yóò máa dun ni. Bí ó bá le, ojú yóò pọ́n, kíndìnrín yóò sì daṣẹ́ sílẹ̀.

Ojú pípọ́n yìí ti tan ọ̀mọ̀wé pàápàá jẹ. Hideyo Noguchi, ará Jàpáánù, ẹni tí ó fún leptospira ní orúkọ, lọ sí Ecuador ní 1918, ó sì kéde pé irú rẹ̀ kan ni ó ń fa ibà ti ẹ̀fọn. Àwọn oníṣègùn tí ń ṣèwádìí ní Èkó àti Accra wá a títí lára àwọn aláìsàn, wọn kò rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra. Ibẹ̀ ni ibà ọ̀hún pa á sí ní 1928.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo bá àbúrò bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gọ́tà kíkó n'Ìbàdàn, nínú omi dúdú tòun ti ẹsẹ̀ lásán, ojú ọgbẹ́ sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà. Àìsàn tí ń pọ́n ojú wà nínú omi yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ibà pọ́njú? Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀ tipẹ́, ìwọ ọmọ ìwé."

Abẹ́rẹ́ ti ẹ̀fọn ni. Kò kan ti eku rárá. Mo ṣàlàyé, ó ní kí ni orúkọ tirẹ̀ nígbà náà. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò rí èyí tí mo lè pè fún un. Mo ní, "Ibà ìtọ̀ eku."

Ó wo omi náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde. Mo ní bí ibà bá mú un, kí ó sọ fún dókítà pé inú gọ́tà ni òun ti ń ṣiṣẹ́, nítorí oògùn bíi penicillin àti doxycycline máa ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó. Ó ní ó dára, ó sì bèèrè iye tí wọ́n ń ta bàtà rọ́bà. Èmi náà kò mọ̀. A jọ lọ bèèrè ní Dùgbẹ̀.