Láti Brisbane dé Nambour: Níbi tí Ẹni tí Awọ Ara Rẹ̀ Jọ̀lọ̀ ti Ń Lọ Rí Dókítà

Ní ìlú Brisbane, ní ìpínlẹ̀ Queensland ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, oòrùn a máa yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù nínú oṣù Kejìlá. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi àkókò yìí ṣòfò. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí ni wọ́n ti ń kún etí odò tí ó la ìlú náà já. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé ajá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi máa di aago mẹ́jọ, ẹsẹ̀ á ti dá lọ́nà. Ẹni tí ó bá ṣì kù níta, akẹtẹ̀ ńlá ni ẹ óò bá lórí rẹ̀. Kì í ṣe ooru ni wọ́n ń sá fún. Ooru Ìbàdàn nínú oṣù Kẹta kò kéré sí ti ibẹ̀ rárá, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Oòrùn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìyẹn ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò rí, tí ara kò sì tètè fura sí.

Ẹ̀rù yìí hàn nínú ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe. Bí àwọn tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí bá ti sọ ti òjò tán, wọn yóò tún sọ bí ìtànṣán ultraviolet yóò ti lágbára tó lọ́jọ́ náà, àti láti aago mélòó sí aago mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn bo ara rẹ̀. Bí òǹkà náà bá ti dé 3 ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ooru, a máa kọjá 11. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí kò bá mú fìlà wá kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní pápá. Abẹ́ òrùlé ni yóò dúró sí, tí yóò máa wò wọ́n. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, ní òpópónà ìtajà lásán, láàrin ilé búrẹ́dì àti ilé oògùn, ẹ óò rí ilé ìwòsàn kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí a máa yẹ awọ ara wò lọ. Àwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀ kò ṣàìsàn. Wọn kò yún ara, wọn kò légbò. Ńṣe ni wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ó tó kọṣẹ́.

Ìtàn ilẹ̀ náà ni ó fà á. Àwọn onílẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 50,000 ọdún, dúdú ni awọ ara wọn. Láti ọdún 1788 ni àwọn ará Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀, pẹ̀lú awọ tí ó bá ojú ọ̀run oníkùrukùru mu. Oòrùn náà kò wojú ẹnikẹ́ni. Lónìí, ó kéré tán, ẹni méjì nínú mẹ́ta ní Ọsirélíà ni wọn yóò rí irú àrùn jẹjẹrẹ awọ kan tàbí òmíràn lára wọn kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í pani bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní melanoma ni òṣìkà inú wọn, nítorí pé a máa rin ìrìn àjò láti inú awọ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Lọ́dún 1981, wọ́n ya àwòrán ẹyẹ òkun kan tí ń jó, tí ń kọ́ àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù, kí wọ́n fi ìpara pa ara, kí wọ́n sì dé fìlà. Slip! Slop! Slap! ni orúkọ ìpolongo náà, àgbàlagbà kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Àwọn bẹ́ẹ̀dì oníná tí ènìyàn ń sùn sí kí ara rẹ̀ lè pọ́n, Queensland fòfin de òwò wọn ní ìparí ọdún 2014. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà sì yan ẹni tí ó gbayì jù lọ́dún 2024, dókítà méjì tí iṣẹ́ wọn dá lórí melanoma, Georgina Long àti Richard Scolyer, ni wọ́n jọ dá lọ́lá.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ni mo dé sí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Brisbane tipẹ́tipẹ́. Ọdọọdún ni òun náà ń lọ yẹ awọ ara rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ó dúdú bí kóró iṣin.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o, kí ló kàn yín níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe àrùn òyìnbó ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Jókòó, bọ́ bàtà ẹ. Ìgbà wo lo wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ gbẹ̀yìn?”

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń ka èyí, ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn nínú ara yín.

Nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ pé, ó gba àyè fún èmi náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le. A bọ́ aṣọ ku ti abẹ́, dókítà, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí. Ó ń fi ìka ya irun sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wo ẹ̀yìn etí, ó wo ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ ọyàn àwọn obìnrin, ó wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Àǹtí ṣáájú pé kí ó nu ọ̀dà èékánná rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí pé abẹ́ èékánná wà lára ohun tí òun yóò wò. Ohun èlò kan tí kò tóbi ju ọwọ́ lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, dermatoscope ni wọ́n ń pè é: dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá ni, iná sì wà létí rẹ̀, tí ojú fi lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ ìpele òkè awọ. Ó ń béèrè bí ó ti ń wò. Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ẹbí ti ní jẹjẹrẹ awọ rí? Ǹjẹ́ egbò kan wà tí ó kọ̀ tí kò jiná? Gbogbo rẹ̀ kò gba ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ó kan Àǹtí ni mo wá mọ ìdí tí lílọ déédéé fi yàtọ̀ sí lílọ lẹ́ẹ̀kan. Àmì dúdú kan wà ní èjìká rẹ̀ láti kékeré. Dókítà náà ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣí fọ́tò ọdún tí ó kọjá lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ìyàtọ̀; ó kọjá síbòmíràn. Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ni ó wà lára ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní ohun tí yóò ṣe fún olówó wọn. Èyí tí ó yí padà ni dókítà ń wá: èyí tí apá kan rẹ̀ kò bá èkejì dọ́gba mọ́, tí etí rẹ̀ ṣe ṣákaṣàka, tí àwọ̀ méjì mẹ́ta dà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tàbí tí ó kàn dá yàtọ̀ láàrin àwọn yòókù bí àjèjì. Ẹni tí kò mọ bí ó ti rí lánàá, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti yí padà lónìí? Bí a bá rí melanoma nígbà tí kò tíì jinlẹ̀, a ó pa ojú ibẹ̀ kú, a ó gé e, a ó rán an, alárùn á sì padà sílé lọ jẹun ọ̀sán. Bí ó bá ti jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti oògùn olówó gọbọi àti àdúrà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Nambour, ìlú kékeré kan tí ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí àríwá Brisbane. Ojú ọ̀nà náà dára. Láàrin ọ̀nà, àwọn òkè Glass House yóò yọ lójijì láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró bí eyín àgbà. Ìlú ìrèké ni Nambour. Ilé iṣẹ́ ṣúgà rẹ̀ ti kógbá sílé láti ọdún 2003, ṣùgbọ́n irin tí àwọn ọkọ̀ kékeré fi ń kó ìrèké gba àárín ìgboro ṣì wà nínú ọ̀dà títì. Bí ẹ bá wá ohun ìran níbẹ̀, ẹ kò ní rí púpọ̀. Báńkì, ilé ọtí, ilé aṣọ òkúùrìn, àwọn arúgbó tí apá wọn kún fún àpá ibi tí wọ́n ti gé nǹkan.

Síbẹ̀, àwọn ará ìlú yìí ni wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ ohun tí ìpara adènà-oòrùn lè ṣe. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ tí Adele Green ṣáájú fún kó 1,621 àgbàlagbà jọ níbẹ̀, wọ́n sì fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn kan ní ìpara, pé kí wọ́n máa fi pa orí, ọrùn, apá àti ọwọ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Jẹjẹrẹ awọ kan nínú àwọn tí kì í sábà rin ìrìn àjò dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn tí ń pa á lójoojúmọ́. Wọ́n tún dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i, wọ́n ka melanoma: mọ́kànlá láàrin àwọn tí ń pa á lójoojúmọ́, méjìlélógún láàrin àwọn yòókù. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé èsì yìí jáde. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn oníhóró beta-carotene pẹ̀lú, kò sì dènà jẹjẹrẹ kankan. Ó wù mí kí àwọn tí ń ta hóró amáwọ-dán fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ èyí.

Kí ló wá kàn wá? Ẹni tí ó bá ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá máa ṣe bí ará Queensland ń sọ àsọdùn. Awọ dúdú wa jẹ́ ààbò gidi, melanoma sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Kódà ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn sọ lọ́dún 2023 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé kí a máa yẹ awọ gbogbo ẹni tí kò ní àmì àrùn wò tàbí kí a má yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò púpọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀: a lè gé ohun tí kì bá ti pani lára láéláé.

Ṣùgbọ́n àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n náà ni a kì í tètè fura sí. Èyí tí ó máa ń mú aláwọ̀ dúdú jù, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó ń bá jà, oòrùn kọ́ ni ó sì ń fà á, nítorí náà ìpara kò lè dá a dúró. Bob Marley ni ẹ̀rí rẹ̀. Abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí tirẹ̀ lọ́dún 1977. Lọ́dún 1981, ọdún kan náà tí ẹyẹ òkun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó kú ní Miami ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Nǹkan mìíràn sì wà lọ́dọ̀ wa tí ojú dókítà lè rí kí ó tó bàjẹ́. Ojú ara tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí kò mọ̀ bí a bá fi òwú kàn án, ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀, ẹ̀tẹ̀ sì ní ìwòsàn bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìpara abóra tí a pò ní ọjà lè sọ awọ di tẹ́ẹ́rẹ́ bí abala ìwé, bí mákúrì bá sì wà nínú rẹ̀, kíndìnrín ni ó ń wá. Ti àwọn àfín ni ó dùn mí jù. Àwọn ni oòrùn wa ń ṣe bí ó ti ń ṣe òyìnbó Queensland, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ; jẹjẹrẹ awọ ń pa wọ́n ní ọ̀dọ́. Ọmọ àfín kan nílò akẹtẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn àti ojú oníṣègùn léraléra lọ́dún, ṣáájú aṣọ ọdún èyíkéyìí.

Àwọn oníṣègùn awọ ara kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti sábà ń rí wọn. Bí mo bá ní kí n sọ tèmi, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí ara rẹ̀ dá lè lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ wá máa wo ara rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó sì padà lọ bí ohunkóhun bá yí padà. Àfín, ẹni tí ó ti ní i nínú ẹbí, àti ẹni tí ń lo oògùn tí ń dín agbára ara kù, kí wọ́n má fi mọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ilé Àǹtí, alẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ti àyẹ̀wò. Dígí kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìgbàlejò fún àtẹ́lẹsẹ̀. Òun á wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ọkọ á wo tirẹ̀. Fọ́tò èékánná ẹsẹ̀ bàbá náà wà nínú fóònù rẹ̀, tòun ti ọjọ́ tí ó yà wọ́n, ó sì pọ̀ ju fọ́tò ìgbéyàwó wọn lọ. Bàbá a máa ráhùn pé ṣé ìwé ìròyìn ni ẹsẹ̀ òun ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, òun ni ó kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀.