Bùjí mẹ́rin tí mo rà láìmọ̀wé

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó CFA kù. Tẹ́lẹ̀, fránkì 50 tiwa ni fránkì Faransé kan. Ó di 100. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ọdún yẹn gan-an ni bùjí mọ́tò mi kú.

Takisí Peugeot àlòkù ni mo ń wà, láti Kétu dé Pobẹ̀, dé Àjàṣẹ́. Bùjí ló ń ṣáná sí ẹ̀sáǹsì nínú ẹ́ńjìnì. Àwọn Faransé ń pe àbẹ́là náà ní bùjí, wọn ò sì parọ́.

Mo lọ sí ọjà Wàndó. Bùjí tí mo ń lò ti wọ́n ju owó ọwọ́ mi lọ. Ẹni tó ń tà á mú mẹ́rin mìíràn jáde: páálí kan náà, àwọ̀ kan náà, owó rẹ̀ kéré. Mo fojú wò ó, mo sanwó. Nígbà tí mo lọ́ ọ wọ ihò, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ní mo jèrè.

Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti ń wúkọ́. Ẹ̀sáǹsì tó ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀ kò tó lílọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kú lẹ́bàá Onígbólò. Ìyá kan wà lẹ́yìn, ara ọmọ rẹ̀ gbóná bí iná, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ. Kò bú mi. Ó kàn ń wo ọ̀nà ni. Alùpùpù kan ló gbé wọn lọ. Títí di òní, mi ò gbọ́ bí ara ọmọ náà ti rí.

Mẹkaníkì tú bùjí, ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Ka èyí sí etí Bàbá." Ọmọ kékeré náà ka ti àtijọ́: BP6ES. Ó ka tuntun: BP6HS. Lẹ́tà kan péré! Lára bùjí NGK, E ni ẹsẹ̀ tó gùn ní mìlímítà 19; H kò ju 12,7 lọ. Fífẹ̀ wọn dọ́gba, mìlímítà 14, ìdí nìyẹn tó fi wọlé. Ṣùgbọ́n kúkúrú náà kò yọ síbi tí ẹ̀sáǹsì wà. Èédú ti dì sí ìyókù ihò, a jìyà kí gígùn tó wọ ibẹ̀. Bí a bá sì fi gígùn sí ẹ́ńjìnì tó ń fẹ́ kúkúrú ńkọ́? Irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ lè gbá a. Owó wo ni màá fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn?

Ní ọdún 1995 mo wọ kíláàsì àgbà. Lẹ́tà E ni mo kọ́kọ́ wá nínú ìwé wa. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà 6 yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó ń sọ bí bùjí ṣe ń lé ooru kúrò lára. Ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ sí i ni bùjí ṣe ń tutù sí i. Ti Bosch, òdìkejì ni. Ó ń tan àwọn tó mọ̀wé dáadáa pàápàá. Ẹ má fi nọ́ńbà ti ọ̀kan ra èkejì; ẹ wo ìwé mọ́tò yín.

Nígbà tí mo padà sí Wàndó, ẹni àná náà tún na páálí sí mi. Mo yí i, mo wo lẹ́tà rẹ̀, mo dá a padà.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ mọ̀wé?"

Mo ní kó fún mi ní èyí tó ní E.