Òṣómàáló Níwájú Ọlọ́run

Kì í ṣe láti kọ́ ẹnikẹ́ni ni mo ṣe mú kálámù lónìí. Akọ̀wé ni mí láàárín ọ̀sẹ̀, olùkọ́ ìjọ ni mí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú ní àkókò Lẹ́ǹtì ọdún 2022, n kò mọ ohun tí n ó kọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ọmọ Iléṣà ni. Òṣogbo ni a jọ gbé fún ọdún 21. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀ àgbà, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn yóò máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Níbẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Aya mi a máa fi èyí bá mi ṣeré. Bí mo bá jẹ ẹ́ lówó ọbẹ̀, yóò lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ àga mi, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan, títí n ó fi rẹ́rìn-ín tí n ó sì ki ọwọ́ bọ àpò.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó pa á. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá a jà, a kò sì kà á sí bí ó ti yẹ. Ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 11 ni ó fi dùbúlẹ̀. Ní gbogbo òru wọ̀nyẹn, èmi ni mo di òṣómàáló níwájú Ọlọ́run. Mo ka iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún Un bí ẹni tí ń ka gbèsè: ọdún 16 nínú iṣẹ́ ìjọ, ẹsẹ̀ tí mo fi rìn nínú òjò, òkú tí mo bá wọn sin. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, ó kú.

A sin ín sí Iléṣà. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n jókòó tì mí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ fún mi pé ó ti lọ sinmi, pé Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe. Èmi fúnra mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ opó, n kò mọ bí ó ti wúwo tó létí ẹni tí ń gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá ń ka èyí, ẹ forí jì mí.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, èmi ni ó kàn láti ṣáájú ìsìn. Mo rántí wòlíì Ìsíkíẹ́lì, tí aya rẹ̀ kú ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì ti pàṣẹ fún un pé kí ó má ṣe sọkún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣe bí a ti wí fún un. Tipẹ́ ni mo ti máa ń fi ìkánjú ka orí 24 yẹn kọjá. Nígbà tí a dé ibi Ìgbàgbọ́ àwọn Àpóstélì, ohùn mi dúró níbi àjíǹde ara. Ìjọ ni ó wí i parí.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí fo àdúrà fún àwọn aláìsàn. Ìyá àgbà kan ni ó ṣàkíyèsí. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, ẹ kò gbàdúrà fún àwa aláìsàn mọ́.”

Mo ní, “Ìyá, n kò mọ̀ bóyá Ó ń gbọ́.”

Ó ní, “Èmi náà kò mọ̀, nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú. Ẹ ṣáà máa dárúkọ wa. Àwa tí ẹ ń dárúkọ ń gbọ́.”

Ní àkókò yìí ni ọ̀rẹ́ kan yá mi ní ìwé C. S. Lewis, ará Ìlú Ọba tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé gbèjà ìgbàgbọ́. Aya rẹ̀, Joy, kú ní oṣù keje ọdún 1960. Ó kọ ìráhùn rẹ̀ sí Ọlọ́run sílẹ̀ láìfi bò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. N. W. Clerk ni ó pe ara rẹ̀: akọ̀wé! Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín mọ. Mo tún ṣí Orin Dáfídì 88. Òkùnkùn ni ó fi parí, kò sí ìtùnú ní ìkẹyìn rẹ̀. Síbẹ̀ Ọlọ́run ni akọrin náà ń bá wíjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti padà sí dídárúkọ àwọn aláìsàn. Orúkọ ìyá náà ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ní ti Ìgbàgbọ́, ohùn mi ṣì ń dúró nígbà mìíràn níbi kan náà, ìjọ sì ti mọ̀. Wọn a gbé e lọ.

Ní oṣù tí ó kọjá mo lọ sí Iléṣà láti ro koríko orí ibojì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo lóṣòó tì í bí ó ti máa ń lóṣòó tì mí, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Orúnkún ń dùn mí. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dìde láti wá ọkọ̀ Òṣogbo.