TẸMOSÍTÁÀTÌ TÍ WỌ́N YỌ NÍNÚ MICRA FẸ́RẸ̀Ẹ́ TÚ ILÉ KÁ L'ÁPẸ́TẸ̀

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ọkọ yín ń fi ọkọ̀ jẹun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò sí ará Ìbàdàn tí kò mọ Micra. Irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992 ni Baba Ìbejì ń wà láti Àpẹ́tẹ̀ sí Sángo. Òun ló fi ń bọ́ ilé, òun ló fi rán Táíwò àti Kẹ́hìndé níléèwé.

Ní 26 August 2011, òjò ńlá rọ̀ n'Ìbàdàn. Omíyalé pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì wó afárá Àpẹ́tẹ̀. Ọ̀nà jíjìn tó kún fún kòtò làwọn awakọ̀ wá ń gbà. Ibẹ̀ ni Micra Baba Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi àmàlà.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ọmọkùnrin náà tú ẹ́ńjìnnì, ó yọ tẹmosítáàtì, ó jù ú nù. Ó tún so wáyà fáànù tààrà, kó lè máa yí láìdúró.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan àwọn òyìnbó tó wà nínú òtútù lèyí. Ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò ẹ̀ o jàre."

Lóòótọ́, ọkọ̀ ò hó mọ́. Gbogbo ilé dúpẹ́. Epo sì jẹ́ 65 náírà ní lítà kan nígbà náà, ta ló fẹ́ máa ka iye tí ọkọ̀ ń mu?

Àfi ìgbà tó di 29 May 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Baba Ìbejì á jáde láàárọ̀ kùtù, á dé lálẹ́ pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Ìyá Ìbejì, tó ń ta àmàlà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ rẹ̀ níwòkuwò. Ó gbà pé ilé kejì ni owó ń wọ̀. Owó iléèwé Kẹ́hìndé ní Poli ò tíì jáde, ìdánwò sì ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Baba Ìbejì dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan l'Ápẹ́tẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá náà ní kí wọ́n sí ọkọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ó wo géèjì, abẹ́rẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀.

"Ta ló yọ tẹmosítáàtì ọkọ̀ yìí?"

Ó wá ṣàlàyé. Tẹmosítáàtì ni aṣọ́nà omi ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ti ilẹ̀kùn, kí omi má lọ sí réédíétọ̀. Bí omi bá gbóná tó bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńsíọ́sì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn. Bí ooru Ìbàdàn ṣe mú tó ní February, kò dé ìdajì ìyẹn. Ìlú tó gbóná kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná tó. Bí kò bá sí aṣọ́nà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo sí i ṣáá. Epo àjẹṣẹ́kù yẹn á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, irin á sì máa jẹra.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹni tó ń se omi àmàlà lójú afẹ́fẹ́ láìdé e nìyẹn. Igi ló máa jó tán!"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Kò sí ilé kejì. Ṣùgbọ́n ìbínú ọkọ ló kù. "Àbúrò rẹ ló ń jẹ mí lówó láti 2011!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n bí ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́." Ó lọ sí Àrárọ̀mí ní Gate, ó fi owó ara rẹ̀ ra tẹmosítáàtì tuntun. Àgbà náà ò jẹ́ kí wọ́n kàn kì í bọ̀ ọ́. Ó fi okùn so ó sínú agolo omi, wọ́n gbé e ka iná Ìyá Ìbejì. Kí omi tó hó, ilẹ̀kùn rẹ̀ là gbayau lójú gbogbo wọn. Ó dára nìyẹn. Bí kò bá là, kò wúlò.

"Ó kù kan," ni bàbá wí. "Kí ló mú kí ọkọ̀ hó nígbà náà lọ́hùn-ún?"

Wọ́n wo réédíétọ̀: ìpẹtà omi kànga ti dí i. Ìdérí rẹ̀ ò sì lágbára mọ́. Àìsàn gan-an nìyẹn. Àmì rẹ̀ ni wọ́n pa mọ́ nígbà tí wọ́n yọ tẹmosítáàtì. Ká ní wọ́n kàn dá a padà bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ì bá tún hó, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì lè jó. Wọ́n fọ réédíétọ̀, wọ́n pààrọ̀ ìdérí, wọ́n rọ kúláǹtì dípò omi kànga, wọ́n sì dá wáyà fáànù padà sídìí ohun tó ń tàn án, tó sì ń pa á.

Epo ò di ọ̀fẹ́ o. Ṣùgbọ́n owó díẹ̀ ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́. Baba Ìbejì padà sínú èésú, ó san owó Kẹ́hìndé, ọmọ sì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ náà ni mẹkáníìkì rẹ̀ títí dòní. Ohun tó yí padà ni pé, kí ọmọkùnrin náà tó yọ nǹkan kan lára ọkọ̀ ẹnikẹ́ni báyìí, á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.